Ilẹ̀ Tútù Lẹ́yìn Balùwẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ọmọ tí mo jẹ́, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ẹ̀yìn balùwẹ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí ẹ bi. Àwọn ni wọ́n mọ̀ mí jù. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń sáré kiri agbo ilé, ibẹ̀ ni èmi máa ń jókòó sí, lórí òkúta tí àwọn àgbà fi ń ha ẹsẹ̀. Mò ń wo omi ìwẹ̀ bó ṣe ń jáde lábẹ́ ògiri balùwẹ̀, tó ń rọra tàn kálẹ̀ sábẹ́ ewé kókò, tí kò sì lọ síbì kankan. Ìfófó ọṣẹ dúdú á léfòó sójú omi, oòrùn á wọ inú ìfófó náà, èmi á sì gbàgbé pé wọ́n rán mi níṣẹ́. Wọ́n á pè mí títí. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, ibi mi ló ń pè mí.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Inú ilẹ̀ tútù yẹn ni wọ́n ri ibi mi mọ́ nígbà tí wọ́n bí mi. Nílé tiwa, ibi ọmọ kì í ṣe ohun tí à ń sọ nù. Ìkejì ọmọ ni, ilẹ̀ tó bá sì wà ni ilé ọmọ náà. Ibi tí omi ìwẹ̀ ọmọ ń dà sí ni wọ́n máa ń rì í sí, kí ara ọmọ lè máa tutù. Bí ilẹ̀ orí rẹ̀ bá gbẹ, wọ́n ní ara ọmọ á máa gbóná. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀ mọ́. Mo kàn mọ̀ pé ìyá mi gbà á gbọ́ bí wọ́n ṣe gbà pé ilẹ̀ á mọ́ lọ́la, àti pé ìlú Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti kó ìgbàgbọ́ náà bọ̀.

Bíríkìlà ni bàbá mi. Kí wọ́n tó bí mi, Ọ̀yọ́ ni àwọn àti ìyá mi ń gbé, nínú ilé àyágbé kan tí kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Kánsù ń ṣe gọ́tà nígbà náà, kí àgbàrá tó ń ya bọ̀ láti apá ọjà lè yé wọlé àwọn ènìyàn. Bàbá mi wà lára àwọn tó ń gbẹ́ ẹ, tí wọ́n ń to òkúta sí i, tí wọ́n sì ń fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Bàbá mi fẹ́ràn iṣẹ́ náà gidi. Títí wọ́n fi darúgbó, bí a bá jọ ń rìn lọ, wọ́n á ṣàdédé dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á wo ilẹ̀, wọ́n á ní ẹ wò ó, ibí yìí ni omi fẹ́ gbà. Lójú tiwọn, àlejò tí kò mọ̀nà ni omi. Ẹni tó bá fi ọ̀nà hàn án ṣe é lóore, ó sì ṣe ara rẹ̀ lóore pẹ̀lú.

Ìyá mi bímọ nínú ilé àyágbé yẹn. Ẹ má bi mí pé mélòó. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, pàápàá àwọn tí kò dúró. Ẹ̀yìn ilé ni ibi wọn wà, níbi tí omi ìwẹ̀ ń dà sí. Nígbà tí gọ́tà kánsù dé ẹ̀yìn ilé náà, ibẹ̀ gan-an ló gbà kọjá. Bàbá mi ló fi ọwọ́ ara wọn ta okùn rẹ̀, okùn tó ń fi ibi tí gọ́tà máa gbà hàn. Omi tó ti ń dúró síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá gọ́tà lọ, ilẹ̀ gbẹ, ó sì le koránkorán. Láàárín ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn sí òjò tó tẹ̀lé e, ibà mú àwọn ọmọ náà, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, wọn ò sì dìde.

Ìyá mi so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, wọ́n sì dè é mọ́nú. Wọn ò sọ ọ́ fún bàbá mi. Èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún níjọ́ kan tí wọ́n ń dirun fún mi, tí orí mi wà láàárín orúnkún wọn, tí oorun sì ń kùn mí. Wọ́n sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò ọdún yìí pẹ́ kó tó dé. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún bàbá mi. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n wá tẹ orí mi síwájú, wọ́n ń dirun lọ.

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n kó padà sí ilé bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Ìyá àgbà ló gba ibi mi lọ́wọ́ àwọn agbẹ̀bí, wọ́n sì ri í sẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tó rẹlẹ̀ jù nínú gbogbo agbo ilé, tí omi ò rọ́nà jáde. Wọ́n ní kí ìyá mi fọkàn balẹ̀, èyí ò ní gbẹ. Ó sì rí bẹ́ẹ̀, mo dúró. Ìyá mi gbin kókò yí ibẹ̀ ká kí oòrùn má baà rí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kànga bá gbẹ, tí àwọn obìnrin ń rìn jìnnà kí wọ́n tó pọnmi, igbá kan nínú omi tí ìyá mi bá rù bọ̀, ilẹ̀ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń dà á sí, kí wọ́n tó da ìyókù sínú àmù. Àwọn ìyàwó ilé máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń pọnmi fún ọ̀pọ̀lọ́ mu. Ìyá mi á rọra dà á tán.

Ṣùgbọ́n omi tí a bá ní kó dúró kì í mọ ibi tí a ní kó dúró dé. Ògiri ẹ̀yìn yàrá ìyá mi, níbi tí èmi pẹ̀lú wọn ń sùn, ló fẹ̀yìn ti ilẹ̀ tútù náà. Ògiri alámọ̀ ni, ó nípọn, bí mo bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í lọ́sàn-án gangan, oorun á gbé mi lọ kíá. Lọ́dọọdún ni ọ̀rinrin ń ti ìsàlẹ̀ gun ògiri náà. Ibi tó bá gùn dé á dúdú, etí rẹ̀ á sì ní ilà funfun bí iyọ̀. Mo máa ń dùbúlẹ̀ lórí ẹní wò ó. Mo rí ràkúnmí níbẹ̀, mo rí obìnrin tó gbé igbá rù, mo rí odò tó ṣẹ́ kọ́nà sẹ́yìn òkè. Bí ọ̀rinrin bá tún gun díẹ̀ sí i, ràkúnmí á yọ iké kejì. Mi ò mọ̀ pé ilé wa gan-an ni nǹkan náà ń jẹ.

Bàbá mi mọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí koríko orí ilé, tí wọ́n kan páànù sí i, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, nítorí koríko máa ń mu nínú òjò kó tó tú u sílẹ̀, páànù ò mu nǹkan kan. Gbogbo omi orí ilé á rọ́ lu ẹ̀yìn yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dọọdún ni bàbá mi ń rẹ́ ìdí ògiri, lọ́dọọdún ló ń ṣí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nídìí iṣẹ́ á ní ẹ wá wo bíríkìlà tí ilé rẹ̀ ń bọ́ra. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dé ojú wọn. Bí bàbá mi bá ti wá sọ pé àwọn fẹ́ la gọ́tà síbẹ̀, ìyá mi á rí nǹkan wí. Kókò ò tíì tó wà. Àlejò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò yìí lọ ná. Bàbá mi kì í bá obìnrin fa ọ̀rọ̀ gùn, wọ́n á gbé ṣọ́bìrì padà sí kọ̀rọ̀.

Wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò, ló wá mú ọ̀rọ̀ náà dé góńgó. Ẹni tí kò gbé ayé nígbà yẹn kò lè mọ bí ìjayà wolé-wolé ṣe rí. Bí wọ́n bá gbúròó rẹ̀ ládùúgbò, gbogbo ilé á dìde gbálẹ̀. Àwọn obìnrin á da omi inú àmù nù, omi tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn rù wá, kó má baà bá tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn, nínú ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni èyí tó wá sílé wa. Ó wọ ṣòkòtò péńpé kákí, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá àgbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé wọn wò. Ó yọjú sínú àmù, ó yọjú sí ṣáláńgá, kò rí nǹkan sọ. Ìgbà tó dé ẹ̀yìn balùwẹ̀ ló dúró. Ó fi ọ̀pá gbé ewé kókò sókè, ó lóṣòó ti omi. Àwọn tanwíjí ń jó nínú ẹ̀, sókè sódò, bí wọ́n ṣe máa ń jó. Díẹ̀ ló kù kí n sọ fún un pé gbogbo wọn ni mo mọ̀.

Ó pe bàbá mi, ó ní omi yìí gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà lọ kí òun tó padà wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ á di ti kóòtù. Kò fi ìgbéraga sọ ọ́. Ó wá wo ìdí ògiri, ó fi ìka kàn án, amọ̀ bá ìka rẹ̀ wá. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ èyí jù mí lọ." Ojú ti bàbá mi, wọ́n kàn ń mi orí.

Nígbà tí a jẹun tán lọ́jọ́ náà, ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́, kí gọ́tà náà gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Bàbá mi ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lú sùúrù, wọ́n ń fi ìka fa ilà sórí ilẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kejì ga, àfi kí omi gun òkè, omi kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Wọ́n bi ìyá mi pé kí ló wà níbẹ̀ tí wọn ò fẹ́ kí omi kúrò. Ìyá mi wò mí. Wọ́n ní ibi ọmọ wà níbẹ̀. Bàbá mi ní àwọn mọ̀, àwọn ò ní gbẹ́ ẹ jìn, gọ́tà kàn máa fò ó kọjá ni. Ìyá mi ní ó dáa. Èmi tí mo ti gbọ́ ìtàn Ọ̀yọ́ mọ̀ pé kò dáa rárá, ṣùgbọ́n ọmọdé ò ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ tọkọtaya.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: gọ́tà náà dára. Bàbá mi ṣe é bí ẹni ń ránṣọ fún ọba. Ó ti ẹnu balùwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó rọra tẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gba omi ojú agbo ilé mọ́ra, ó sì jáde síta. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dán. Mò ń ju ewé sínú ẹ̀, mò ń bá ewé náà rìn láti ẹ̀yìn ilé títí dé ojú títì, mò ń dágbére fún un, mò ń padà lọ mú òmíràn. Mò ń rò ó pé àwọn ewé mi ń lọ sí Ọ̀yọ́, pé wọ́n á gba iwájú Ọjà Akẹ̀sán kọjá, pé àwọn kan ń dúró dè wọ́n níbẹ̀ tí wọ́n jọ mí. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ kó kúrò lẹ́yìn balùwẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kọ́kọ́ di pupa, ó wá sán.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ara mi gbóná. Ẹ̀ẹ̀rùn mú, ọyẹ́ ti lọ, ooru wá dé. Ìyá mi sè àgbo, wọ́n wẹ̀ mí, wọ́n rọ mí lágbo, ibà náà ń lọ ó ń bọ̀. Nínú ibà náà mo lá àlá kan tí mi ò tíì gbàgbé títí di òní. Mo rí omi tó dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, ó fi aṣọ funfun bora, ó ń rìn lọ nínú gọ́tà wa láìwẹ̀yìn. Mò ń pè é, kò dáhùn. Mo ní kó dúró dè mí, èmi náà ń bọ̀. Mi ò mọ̀ pé mò ń sọ ọ́ síta, àti pé ìyá mi jókòó tì mí, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, mo ti ojú fèrèsé rí ìyá mi lẹ́yìn balùwẹ̀. Wọ́n po amọ̀ bí ẹni fẹ́ mọ ìkòkò, wọ́n fi ọ̀já tí wọ́n fi pọ̀n mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́ wé e, wọ́n sì tì í bọ ẹnu gọ́tà lábẹ́ kókò. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ yíká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n wá da igbá omi kan sórí ilẹ̀ tó sán náà, wọ́n kúnlẹ̀ tì í títí ó fi mu ún tán. Omi ìwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró síbẹ̀ padà. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ dé. Ibà náà sì fi mí sílẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe jẹun. Mo ti ya ẹ̀fọn sójú pátákó fún ọmọ àwọn ẹlòmíràn, mo ti fi ọ̀pá tọ́ka sí ẹnu rẹ̀. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú omi tí ìyá mi ń tọ́jú nítorí mi, kí gọ́tà tó gbé e lọ, ni ẹ̀fọn tó kó ibà ràn mí ti jáde. Mo mọ̀ ọ́n, inú mi ò sì dùn sí mímọ̀ ọ́n. Ohun tí ìyá mi rí ni pé omi lọ, ara ọmọ gbóná. Omi padà, ara ọmọ tutù. Ìgbà kejì sì nìyẹn tí ojú wọn rí i.

Bàbá mi ò fura. Omi ojú agbo ilé ṣì ń gba gọ́tà kọjá, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá wo ẹnu rẹ̀ lójú títì, á rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Kókò sì ti bo ìyókù. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nídìí iṣẹ́, ohun tí wọn kì í sábà ṣe. Mo padà sórí òkúta mi. Àkókò yẹn ni mo rántí bí ìgbà tí ayé mi dùn jù, ó sì ń yà mí lẹ́nu, nítorí gbogbo ìgbà yẹn ni ìdí ògiri wa ń di ẹ̀kọ.

Ìyá àgbà máa ń wí pé àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò gbà fún un. Lọ́dún yẹn, onílé ti gbà fún un, kò kàn mọ̀ ni. Ọ̀sán ni òjò náà dé. Ó ti ṣú láti àárọ̀, ìlú dákẹ́, àwọn adìyẹ ti wọlé. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó lu páànù débi pé ènìyàn ò lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Bàbá mi wà níbi iṣẹ́. Èmi àti ìyá mi fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ẹní lẹ́bàá ògiri, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn mi. Ariwo òjò pọ̀ débi pé ó di ìdákẹ́jẹ́ẹ́, mo sì sùn lọ.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ní ohun tí àwọn gbọ́ ni pé ògiri ń gbé omi mì. Wọ́n na ọwọ́ sí i, ọwọ́ wọn sì wọ inú ẹ̀ lọ. Wọ́n fà mí lẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹní, wọ́n wọ́ mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo ṣì rò pé mò ń sùn. Mo rí ràkúnmí mi, mo rí obìnrin onígbá, mo rí odò ẹ̀yìn òkè, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tẹrí ba fún wa, wọ́n sì sùn sórí ẹní níbi tí orí mi wà tẹ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wọlé. Òjò wọlé. Láti inú yàrá, mo rí kókò ìyá mi tí ewé rẹ̀ ń mi lẹ́nu ibi tí ògiri wà rí.

Àwọn ará ilé rọ́ wá. Wọ́n gbé mi fún Ìyá àgbà, wọ́n sì ránṣẹ́ sí bàbá mi. Nígbà tí bàbá mi dé, wọn ò wo ilé. Wọ́n kọ́kọ́ tẹ apá mi wò, wọ́n tẹ ẹsẹ̀ mi wò, wọ́n fi ọwọ́ sí àyà mi títí ó fi tó wọn. Lẹ́yìn náà ni ojú bíríkìlà tó padà sí wọn lójú. Wọ́n gba orí àlàpà kọjá lọ sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n dúró wo adágún omi níbi tí kò yẹ kí omi wà. Wọ́n tẹ ọwọ́ bọ ẹnu gọ́tà, wọ́n fà, ọ̀já mi jáde tòun ti amọ̀. Omi náà hó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Wọ́n mọ ọ̀já náà. Àwọn ni wọ́n rà á. Wọ́n gbé e dání nínú òjò, wọ́n kọjú sí ìyá mi, ohùn wọn ò sì ròkè. "Ìyá ọmọ mi, ìwọ lo ṣe èyí?"

"Èmi ni."

"Ọmọ ì bá wà lábẹ́ ògiri yìí báyìí."

Ìyá mi ò kúnlẹ̀. "Nítorí ọmọ náà ni mo ṣe ṣe é. Gọ́tà yín ló gba orí àwọn yòókù kọjá ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin lẹ ta okùn rẹ̀. Gbogbo wọn ló bá a lọ. Mo ní kò ní gbé èyí."

Ìyá àgbà fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá mi jókòó sórí òkúta tí mo máa ń jókòó sí, wọ́n ń fún ọ̀já náà, wọ́n tún ń fún un, bẹ́ẹ̀ òjò ń rọ̀ sí i lórí, kò sì lè gbẹ. Mo fẹ́ lọ bá wọn. Ìyá àgbà ò jẹ́ kí n lọ.

Ẹ̀rù bà mí ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Yàrá Ìyá àgbà ni èmi àti ìyá mi ń sùn sí. Àwọn àgbà ilé ń wí láàárín ara wọn pé ìyàwó tó bá wólé lé ọkọ lórí, tó tún fi ikú ọmọ sí i lọ́rùn níṣojú gbogbo ayé, ilé bàbá rẹ̀ ló yẹ kó wà. Ìyá mi ti di ẹrù wọn. Mo rí i, ẹrù náà kéré. Bàbá mi ń jáde láàárọ̀, wọ́n ń wọlé nírọ̀lẹ́, wọ́n ń kírun, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ògiri. Èmi ń rò ó pé bí ìyá mi bá lọ, ṣé wọ́n á hú ibi mi fún wọn gbé dání ni, àbí wọ́n á fi èmi pẹ̀lú ẹ̀ sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi ò lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n kó okùn àti èèkàn jáde, wọ́n pe ìyá mi. Wọ́n ní kí ìyá mi fi ojú ilẹ̀ tí wọ́n ri ibi mi sí han àwọn, ibẹ̀ gan-an. Ìyá mi rìn lọ sáàárín kókò, wọ́n fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Bàbá mi kan èèkàn yí ẹsẹ̀ wọn ká. Wọ́n wá padà sínú àlàpà yàrá wa, wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n sì ta okùn ògiri tuntun sí àárín yàrá, níbi tí àpótí ìyá mi ń wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ìyókù yàrá sílẹ̀ fún omi.

Báyìí ni ilé wa ṣe ní kòǹgò lẹ́yìn. Ògiri náà ń bọ̀ tààrà, ó dé ibẹ̀, ó sún wọlé, ó tún jáde. Bàbá mi fi òkúta àti sìmẹ́ńtì ṣe ìdí rẹ̀. Gọ́tà yí kókò náà po láìfọwọ́ kàn án. Nínú ibi tó yí ká, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ lápá kan, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn sí i, tó fi jẹ́ pé omi tí ìyá mi bá dà síbẹ̀ á wọlẹ̀ lọ ni, kò ní dúró fún tanwíjí. Yàrá wa kéré débi pé bí mo bá na ẹsẹ̀, mo kan ẹnu ọ̀nà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ bàbá mi wá wò ó, wọ́n bi wọ́n bóyá ẹmu ni wọ́n mu kí wọ́n tó ta okùn. Bàbá mi, tí kì í mu ẹmu, ní ilẹ̀ ni kò dára. Àmọ́ láti ìgbà náà, wọn ò ṣe àlùwàlá níwájú ilé mọ́. Ẹ̀yìn, lẹ́bàá kókò, ni wọ́n ń gbé omi lọ.

Ẹrù ìyá mi ṣì wà ní dídì. Wọn ò tú u, wọn ò sì gbé e. Wọ́n ń sè oúnjẹ bàbá mi, wọ́n ń gbé e fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n bí àlejò ni wọ́n ṣe ń rìn nínú ilé.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé nígbà tí wolé-wolé padà dé. Ó tẹ̀lé gọ́tà láti ojú títì bọ̀, inú rẹ̀ dùn, títí ó fi dé ibi tí gọ́tà yípo àti ibi tí ògiri sún. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Ó bi bàbá mi, láìfi ṣe ẹlẹ́yà, pé kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kó gbà tààrà, tó máa rọrùn, tí ilé ò sì ní dín kù. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé wà níbẹ̀, ìyá mi wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Mo rò pé bàbá mi á tún sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí kò dára.

Bàbá mi ní, "Mo ti la gọ́tà gba orí àwọn ọmọ mi rí, ní Ọ̀yọ́. Mi ò mọ̀ nígbà náà. Mi ò ní ṣe é mọ́."

Wolé-wolé náà ò mọ ohun tí wọ́n ń wí, ó kàn gbọ́ bí ohùn náà ṣe rí, ó sì ṣí fìlà. Nílẹ̀ wa, wọn kì í jẹ́ kí ìyá sunkún ọmọ tó bá kú ní kékeré. Wọ́n á ní kó gbẹ́nu dákẹ́ kó má baà lé àwọn tó ń bọ̀ sẹ́yìn, wọn kì í sì í fi oórì wọn hàn án. Ìyá mi ti pa ẹkún náà mọ́ra láti Ọ̀yọ́. Wọ́n gbé igbá sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ lásán níbi tí wọ́n dúró sí, wọ́n sì sunkún. Wọ́n ń pe orúkọ àwọn tí mi ò mọ̀ pé wọ́n ní orúkọ, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, bàbá mi sì ń dáhùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.